Ìjókòó Ìta Gbangba ní Ìlú Cape Town

Àwa ọmọ Yorùbá mọ abẹ́ igi odán. Níbẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń jókòó sí. Àlejò tí ó bá ń kọjá yóò kí wọn, wọn yóò sì bi í léèrè ibi tí ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó ṣe ń sọ àlejò di ojúlùmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìlú kan tí a ti fi ìjókòó ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ènìyàn.

Ní ọdún 1953 ni ìjọba Gúúsù Áfíríkà ṣe òfin tí ó fún àwọn aláṣẹ láyè láti ya ọgbà ìgbafẹ́ àti ibùdó rélùwéè sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kan. Òfin náà wí pẹ̀lú pé kò di dandan kí ohun tí a yà fún ẹ̀yà kan dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ìyá arúgbó aláwọ̀ dúdú tí ẹsẹ̀ ń ro lè rí bẹ́ǹṣì tí ó ṣófo, kí ó sì wà ní ìdúró. Bí ó bá jókòó, ó ti rú òfin.

A pa òfin náà rẹ́ ní ọdún 1990. Lẹ́yìn náà ni a gbé bẹ́ǹṣì méjì kalẹ̀ ní Queen Victoria Street ní Cape Town, níwájú ilé tí ìgbìmọ̀ ti máa ń pinnu ẹ̀yà tí ènìyàn jẹ́, lábẹ́ òfin ọdún 1950. A kọ ọ́ sí ara ọ̀kan pé ti aláwọ̀ funfun nìkan ni. A kọ ọ́ sí èkejì pé ti àwọn tí kì í ṣe funfun ni. Ohun ìrántí ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni tí àárẹ̀ bá mú lè jókòó sí èyí tí ó wù ú.