Ọmọ Ẹ̀gbá tó fi èdè Yorùbá ṣe iṣẹ́ àfikún ní London

Ìtàn tòní bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n London ló ti ṣẹlẹ̀.

Ta ni nínú yín tí kò ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó ń kàwé lókè òkun báyìí? Tí ẹni yẹn bá ti ronú owó ilé-ìwé tán, ìbéèrè tó kàn ni iṣẹ́ àfikún, ìyẹn iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì. Ṣé kí n lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó lóru ni? Ṣé kí n máa kó ẹrù ní wíáhàòsì, àbí kí n máa fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ? Ẹ lè rò pé orí ìran tiwa ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1922. Ọdún yẹn ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, dé London láti kọ́ ìmọ̀ òfin ní University College. Kì í ṣe ọmọdé nígbà yẹn, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó ti kàwé jáde ní Fourah Bay College ní Freetown, ó sì ti ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí kì í san owó ilé. Owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ìyà sì jẹ ẹ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ onílé ní London nígbà náà ni kì í fẹ́ gba ènìyàn dúdú sílé, kódà bí owó bá wà lọ́wọ́ ẹni.

Iṣẹ́ wo ló wá rí ṣe? Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Yorùbá ní School of Oriental Studies. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tí a mọ̀ sí SOAS lónìí, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1916 kí àwọn tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Éṣíà àti Áfíríkà lè máa kọ́ èdè ibẹ̀. Ẹ rò ó wò: èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é jẹun ló di èyí tó ń fi wá oúnjẹ nílùú òyìnbó.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ náà sọ ọ́ di olówó o. Kò sọ ọ́. Ó ṣì ń rìn nínú ìṣòro. Nǹkan mìíràn tún ń dùn ún: ó rí i pé àwọn tó ka àṣà Yorùbá sí nǹkan gidi kò tó nǹkan. Bí ìwé ìròyìn Evening News ṣe gbé ìròyìn jáde ní 1924 nìyẹn, tó ní jíjẹ ẹran ènìyàn àti idán dúdú kò tíì pẹ́ tí wọ́n dópin ní Nàìjíríà. Inú bí Ṣólàńkẹ́. Ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa láti tako ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́tà yẹn ló jẹ́ kí Amy Ashwood Garvey wá a kàn, àwọn méjèèjì sì dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà.

Oṣù Kẹfà 1924 yẹn náà ni Ṣólàńkẹ́ di ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò. Èmi tí mò ń sọ Yorùbá sínú maikirofóònù yìí, tí ẹ̀yin sì ń gbọ́ mi lórí fóònù, mo gbà pé baba wa ni.

Ní oṣù Kẹjọ 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sierra Leone, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 21, dá West African Students' Union sílẹ̀. WASU ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá máa gbọ́ "wàásù" nínú orúkọ yẹn. Ní 1926, Ṣólàńkẹ́ di agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé onílé tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ Áfíríkà. Láti 1929 sí 1932, ó rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń tọrọ owó, títí WASU fi ṣí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden Town ní 1933.

Ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn tún dé London ní 1958. Fẹlá ni. Trinity College of Music ló wọ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì kó ẹgbẹ́ Koola Lobitos jọ, wọ́n ń lu jáàsì àti háílàìfù bó ṣe ń kàwé lọ́wọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé òfin òní á gba Fẹlá láyè láti fi orin pawó? Kò ní gbà á. Fíísà akẹ́kọ̀ọ́ ní UK kò fàyè gba iṣẹ́ eléré. Kò fàyè gba kí ènìyàn dá iṣẹ́ tara rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbígbé oúnjẹ kiri fún áàpù fi lè kó akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà, nítorí ọ̀pọ̀ áàpù bẹ́ẹ̀ ka ẹni tó ń gbé e sí oníṣẹ́ tara rẹ̀. Ẹni tó ń kàwé gba dìgírì ní wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì ń lọ, láti Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè. Bó ṣe iṣẹ́ méjì, àpapọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju 20 lọ. Ní Kánádà, wákàtí 24 ni lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ tí kì í ṣe inú ọgbà ilé-ìwé. Ní Ọsirélíà, 48 ni lọ́sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ lè pàdánù fíísà, kí owó ilé-ìwé tí wọ́n ta ilẹ̀ bàbá san sì wọmi.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú arúgbó o. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń san owó ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wákàtí bá jẹ́ 20 péré, ó tọ́ ká bi ara wa pé kí ni iṣẹ́ yìí máa fi sílẹ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn owó? Ṣé màá ṣì lè jí lọ sí kíláàsì lọ́la? Ǹjẹ́ mo sì ti wò ó bóyá yunifásítì mi ń wá ẹni tó gbọ́ èdè tí mo gbọ́?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́. Ṣólàńkẹ́ so àpò ìyà kọ́ fúngbà díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ilé nù. Nígbà tó kú ní London ní 1958, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ti sùn sí ilé tí ó tọrọ owó fún.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni yín tó wà lókè òkun. Ó dìgbà kan ná.