Ihò Tóóró Inú Kabúrétọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ọgbà, wáyà yẹn ńkọ́? Nínú alùpùpù tí Daimler àti Maybach ṣe ní Jámánì lọ́dún 1885, atẹ́gùn kàn ń kọjá lórí bẹntiróò ni, ó ń gbé oru rẹ̀ wọ ẹ́ńjìnnì. Ọdún 1893 ni Maybach gbé èyí tó ń fọ́n epo látojú ihò tóóró jáde. Ihò náà là ń pè ní jẹ́ẹ̀tì dòní.

Bẹntiróò tó bá pẹ́ nínú alùpùpù àtijọ́ á ki bíi gọ́ọ̀mù, á dí i pa. Làwọn kan bá ki wáyà bọ̀ ọ́! Èmi ò fara mọ́ ọn o. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, kò le tó irin. Bó bá fẹ̀, epo á pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, púlọ́ọ̀gì á dúdú. Ẹ rẹ ẹ́ sínú bẹntiróò tuntun (ẹ jìnnà síná o), kí fọganáísà wá fi ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ ẹ.