Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ní Ilẹ̀ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1825, ní Freetown, àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún ọ̀dọ́mọkùnrin ará Òṣogùn kan tí a ń pè ní Àjàyí, ó sì di Samuel Crowther. Orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni a fún un. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹni tí ń lu ohun èlò olókùn kan tí a ń fi ọrun fà bí gòjé ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí. Bí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, orúkọ eléré ni ó ń jẹ́ bọ̀, àmọ́ kò sí gòjé nínú ìdílé rẹ̀. Irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn ọmọ Àyàn, nítorí pé ìlù ni ó bí orúkọ wọn.

Kì í ṣe pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá orúkọ ìdílé nílẹ̀ láti ìwáṣẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́ kí William ará Normandy tó ṣẹ́gun wọn ní ọdún 1066. Àwọn aṣẹ́gun tí ń sọ èdè Faransé wọ̀nyí ni wọ́n mú kí William, Robert àti Richard gbilẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀ jù, ó di dandan láti fi iṣẹ́, ìlú, ìrísí tàbí orúkọ baba kún un. Johnson ni ọmọ John. Smith ni alágbẹ̀dẹ, bí Lefebvre ti jẹ́ alágbẹ̀dẹ lọ́dọ̀ àwọn Faransé. Legrand ni ẹni gíga. Ìwé ni ó wá so orúkọ wọ̀nyí mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1538 ni a pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Ní ọdún 1539 ni ọba Faransé pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nípa ìrìbọmi. Òfin Faransé ti ọdún 1803 tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: kìkì orúkọ tí ó wà nínú kàlẹ́ńdà, tàbí ti àwọn ènìyàn inú ìtàn àtijọ́, ni a lè sọ ọmọ. Ọdún 1993 ni wọ́n tó tú ìdè yìí pátápátá.

Orúkọ inú Bíbélì rìn jìnnà ju gbogbo wọn lọ. Èdè Hébérù ni ó ni Jòhánù, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé Olúwa ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ó gba ilẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù kọjá kí ó tó di John àti Jean. Nítorí náà ni ọmọ Yorùbá tí a bí ní Kétu lábẹ́ ìjọba Faransé fi lè máa jẹ́ Jean, kí ìbátan rẹ̀ ní ìhà ọ̀hún ààlà sì máa jẹ́ John.

Ọ̀fà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ní adùn. Ìtàn ìlú náà sọ pé tafàtafà tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá ni Ọlálọmí Ọlọ́fà Gangan tí ó tẹ ìlú náà dó, Ọlọ́fà sì ni oyè ọba wọn títí di òní. Fletcher àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n mú láti inú èdè Faransé, ẹni tí ń ṣe ọfà ni. Àmọ́ Fletcher lè jẹ́ alákọ̀wé tí kò mọ bí a ti ń di ọfà mú, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ kò pè é padà sí ìdí iṣẹ́ náà. Ní ti ọmọ Ọ̀fà, bí wọ́n bá ti pè é ní Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, orí rẹ̀ wú.

Níhìn-ín ni ìṣòro wà. Ọmọ Ọ̀fà ní orúkọ àbísọ, ó ní oríkì bí Àjàní tàbí Àṣàbí, ó sì ní orílẹ̀ tí gbogbo ìran rẹ̀ ń jẹ́. Nígbà tí ilé-ìwé dé, “orúkọ baba” ni olùkọ́ ń bèèrè, orúkọ àbísọ baba náà ni ọmọ sì ń dá lóhùn. Bí ọmọ ìyá méjì bá bímọ, tí èkínní ń jẹ́ Ọláwálé, tí èkejì ń jẹ́ Àdìó, àwọn ọmọ wọn ti di àjèjì síra wọn nínú ìwé. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń mọ ìbátan ni ó wá ń fi ìbátan pamọ́ ní Ọ̀fà. Ewu èyí kò kéré nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìgbéyàwó tàbí ilẹ̀ àjogúnbá, nítorí pé orílẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń wádìí, kì í ṣe ìwé ilé-ìwé.

Síbẹ̀, Ọ̀fà mọ bí a ti ń sọ orúkọ àlejò di ti ilé. Josiah Sunday Ọláwọyin, olóṣèlú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí a bí ní ọdún 1925, gba ọ̀kan láti inú Bíbélì àti ọ̀kan láti inú ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kì í sábà sọ ọmọ ní Sunday. Ìṣe Yorùbá tí ó bí Abọ́sẹ̀dé ni ó wà nídìí rẹ̀, òun náà ni ó sì mú kí àwọn Mùsùlùmí máa sọ ọmọ ní Jímọ̀.

Àwọn kan kọ orúkọ àlejò sílẹ̀ pátápátá. William James Davies di Orishatukeh Faduma ní ọdún 1887. David Brown Vincent di Mojola Agbebi ní ọdún 1894. Samuel Johnson kò yí tirẹ̀ padà. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó to àwọn orílẹ̀ Yorùbá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kín sì wà láàrin wọn.