Ooru Nínú Ìkòkò Ọṣẹ: Láti Marseille Dé Àjàṣẹ́

Ní 1688, Louis Kẹrìnlá, ọba ilẹ̀ Faransé, ṣe òfin lórí ọṣẹ sísè. Òfin náà ní òróró ólífì nìkan ni kí wọ́n máa lò, kí ilé ìsèṣẹ sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹjọ, nítorí pé ooru ìgbà náà a máa ba ọṣẹ jẹ́.

Ní ilẹ̀ tiwa, kò sí oṣù tí a lè fi sá fún ooru. Nítorí náà, ṣíṣàkóso iná ni àwọn ìyá wa kọ́. Wọ́n a sẹ́ omi lára eérú, wọ́n a sè é títí yóò fi mú, kí wọ́n tó máa da epo tàbí àdín sí i díẹ̀díẹ̀.

Bí iná bá pọ̀ jù, ọṣẹ a ru, a sì dà sínú ààrò, ìsàlẹ̀ ìkòkò a jó. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a fa igi kúrò. Bí iná bá kéré jù, epo a léfòó. Kí a dá iná padà ní pẹ̀lẹ́, kí a máa rò ó títí yóò fi di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n epo a tún máa léfòó bí omi eérú kò bá mú. Àléébù méjèèjì jọra lójú, àtúnṣe wọn kò jọra: igi kò lè ran omi eérú tí kò mú lọ́wọ́.

Ní 1823, Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, tẹ ìwé tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ jáde. Omi eérú ló ń pín òróró sí ásíìdì àti gílísérínì, tó sì ń so mọ́ ásíìdì náà di ọṣẹ. Ooru kàn ń mú iṣẹ́ náà yá ni.

Ní 1841, Victor Régis, oníṣòwò Marseille, dá ilé ìṣòwò sílẹ̀ ní Ouidah. Epo pupa wa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí òfin ti fi òróró ólífì dè nígbà kan. Ọṣẹ oníbúlọ́ọ̀kù sì ń padà wá sí ọjà wa.

Òfin Ọba Louis wà nínú ìwé títí dòní. Òfin ìkòkò àwọn ìyá wa wà ní ojú àti ọwọ́ wọn nìkan. A rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ pé kí ẹ jókòó tì wọ́n lẹ́bàá ààrò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, ní Yorùbá àti ní Faransé, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.