Kẹ̀kẹ́ arọ oníbátìrì lójú títì: ohun tí òfin sọ

Ṣé ọkọ̀ ni kẹ̀kẹ́ arọ tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, àbí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sínú ẹ̀ ni? Èsì ìbéèrè yìí ló máa sọ bóyá ó yẹ kí wọ́n bi onítọ̀hún léèrè ìwé àṣẹ ìwakọ̀ bíi ti oní-kẹ̀kẹ́ Márúwá, tàbí kí awakọ̀ dúró fún un kó sọdá ní 2nd Avenue.

Àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà ojú pópó, tí wọ́n ṣe ní Vienna lọ́dún 1968, tí Nàìjíríà sì wọ̀ lọ́dún 2018, ti dáhùn: ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ tí kò sáré ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ, ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló máa gbà. Níbi tí kò bá sí, tàbí tí kò ṣeé gbà, ó lè gba etí títì. Àmọ́ abala 12 ìwé òfin 1999 ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lágbára òfin nílé àfi tí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ dòfin. Òfin ilé gan-an ló yẹ kéèyàn dì mú gírígírí.

Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Kò ya oníbátìrì sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Ó ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ibi ìsọdá gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ó ní kí ọkọ̀ èrò dúró pátápátá kí àkàndá tó wọlé tàbí kó tó sọ̀kalẹ̀, káwọn èrò yòókù sì jẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé. (Ti dánfó tó ń sáré gbérò ní Mile 2 ńkọ́?) Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì; ti iléeṣẹ́ jẹ́ ₦1,000,000. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fún àwọn ilé àti ọkọ̀ èrò láti ṣàtúnṣe, ó sì ti pé láti oṣù Kìíní 2024.

Èkó ti ṣe tiẹ̀ ṣáájú. Òfin tí Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lù lọ́dún 2011 ló bí LASODA, ibi tí àkàndá ti lè fẹjọ́ sùn.

Festac, tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún 1977, ní títì tó fẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò ní kí kẹ̀kẹ́ arọ rọ́nà gbà níbi tí wọ́n bá pàtẹ ọjà sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tàbí tí gọ́tà bá la ẹnu sílẹ̀. Èyí tó le jù ni òpópónà Lagos-Badagry. Ìjọba Èkó máa ń mú ẹni tó bá sáré sọdá lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì á gun àtẹ̀gùn. Ẹni orí kẹ̀kẹ́ arọ ńkọ́? Afárá tó jẹ́ àtẹ̀gùn nìkan kò ṣeé lò fún un.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1988 pín kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí kejì kò gbọ́dọ̀ ju máìlì 4 láàárín wákàtí kan, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì ni tiẹ̀. Ìsọ̀rí kẹta lè sáré tó máìlì 8 lójú títì, ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 14, wọ́n sì máa ń forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ kò nílò ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ irú èyí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé máìlì 8 kì í ṣe ìrìn ẹsẹ̀ mọ́. Bọ́tìnnì kan máa ń wà lára ẹ̀ tó ń dá a padà sí máìlì 4. Kó tẹ̀ ẹ́ kó tó gorí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀.