Lawrence Omole àti Ilé Iṣẹ́ Ọtí Iléṣà

Lawrence Omole ni oníṣòwò ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó dá ilé iṣẹ́ International Breweries sílẹ̀ ní Iléṣà, òun náà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́.

Kí bíà tó gbòde, ẹmu ni ọtí ìnáwó lágbègbè wa. Ìlá-Ọ̀ràngún, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà Ọ̀ṣun, lókìkí fún un. Ṣùgbọ́n ẹmu kì í pẹ́ kan, nítorí náà kò ṣeé kó pamọ́, kò sì ṣeé gbé rìn jìnnà. Bíà inú ìgò kò ní ìṣòro yìí. Èkó ni wọ́n ti dá Nigerian Breweries sílẹ̀ lọ́dún 1946, ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1949. Àwọn òyìnbó ló ni owó ńlá ibẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1971 ni Omole forúkọ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Gowon ṣòfin pé kí ọmọ Nàìjíríà ní ìpín nínú ọ̀pọ̀ òwò tó wà lọ́wọ́ àjèjì. Omole ti ṣíwájú òfin. Oṣù Kejìlá ọdún 1978 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí. Lítà mílíọ̀nù 20 ni agbára ilé iṣẹ́ náà lọ́dún nígbà náà. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún 1982, ó ti di mílíọ̀nù 50. Trophy ni orúkọ ọtí wọn tó tàn kálẹ̀ jù.

Lọ́dún 1988, ìjọba fòfin de kíkó málítì bálì, tí wọ́n fi ń pọn bíà, wọ̀lú. Àwọn apọntí gbogbo yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, owó tó ń lọ sókè òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àpò àgbẹ̀ ilé.

Lónìí, AB InBev, ilé iṣẹ́ ọtí ilẹ̀ òkèèrè, ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú International Breweries, láti ọdún 2016 tí wọ́n ra SABMiller tó ni ìpín náà tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, Iléṣà ni ilé iṣẹ́ náà ṣì wà, orúkọ Omole ló sì wà lára òpópónà rẹ̀.

Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ilé ló kó owó rẹ̀ wá. Ẹ̀yin olówó Ìlá-Ọ̀ràngún àti gbogbo Ìgbómìnà, ẹ má jẹ́ kí Èkó àti Àbújá gba gbogbo owó yín tán. Ẹ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ nílé, kí àwọn ọmọ wa lè rí iṣẹ́ ṣe.