Ìjẹrin àti Omi Onírin: Ọ̀rọ̀ Méjì fún Omi Pípọ́n

Ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò ní Alímọ̀ṣọ́, bí omi ẹ̀rọ bá ti pọ́n, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé páìpù ti dógùn-ún. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń náni lówó. Onílé á hú páìpù kúrò, á ra tuntun, omi kànga ẹ̀rọ rẹ̀ á sì tún pọ́n.

Dógùn-ún, dípẹtà àti ìpáàrà tí Bíbélì lò nínú Mátíù 6 dára, àmọ́ irin gan-an ni wọ́n bá mu. Àwọ̀ ewé ni bàbà máa ń mú jáde. Òjé máa ń yòrò sínú omi láìyí àwọ̀ omi padà. Síǹkì tí wọ́n fi bo páìpù irin náà máa ń tán díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kó gbogbo wọn pọ̀ ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀: "Omi ti jẹ ẹ́." Mo dábàá pé ká pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní ìjẹrin, ká sì pe omi tó ń fà á ní omi ajẹrin, bí a ṣe ṣẹ̀dá apẹja.

Omi ajẹrin lè mọ́ gaara. Òjò tó ń wọlẹ̀ máa ń kó kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì lára ewé jíjẹrà, omi á wá kan. Iyanrìn ilẹ̀ àdúgbò wọ̀nyí kò ní òkúta ẹfun tó lè pa kíkan náà. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà fẹ́ kí pH wà láàárín 6.5 sí 8.5. Bí omi kíkan bá ń jẹ irin, ọ́síjìn á sọ èyí tó yòrò di ìpẹtà, á dì ní kókó kókó nínú páìpù, ọ̀nà omi á sì fún.

Ṣùgbọ́n irin lè ti inú ilẹ̀ wá. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni mo pè ní omi onírin, ìlànà kan náà kò sì fẹ́ kí irin inú lítà kan ju mílígíráàmù 0.3 lọ. Ẹ pọn omi látẹnu kànga sínú ike funfun, kó tó dé táńkì, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ mọ́jú. Bó bá mọ́ lálẹ́, tó sì pọ́n láàárọ̀, ilẹ̀ ló ti wá. Páìpù tuntun kò lè wò ó, àyàfi kí a fẹ́ atẹ́gùn sí i, ká sì sẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ omi àkọ́fà àárọ̀ nìkan ló pọ́n, tó wá mọ́ bó ṣe ń ṣàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìjẹrin.

Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ iléèwé ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀. Ó yẹ kí àǹfààní fífi Yorùbá ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì dé ọ̀dọ̀ onílé Alímọ̀ṣọ́. Kí owó tó jáde lápò, ẹ bi ẹni tó ń ṣe páìpù yín: ìjẹrin ni, àbí omi onírin?